Omi Tí Màmá Lọ́yà Fi Sílẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Monísọ́lá Olúgbádé (1944–2009)

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1944, ní ìlú Ìfọ̀, ní ilé Ògúnlàdé tó kọjú sí ibùdó rélùwéè, ni a bí Màmá wa, Monísọ́lá Àjíkẹ́. Bàbá wọn, Pa Josaya Ògúnlàdé, wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, wọ́n sì tún ń dáko lórí ilẹ̀ tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀. Ìyá wọn, Ọmọlabí, ọmọ Ọbáfẹ́mi, ló ń ta fùfú fún àwọn èrò ọkọ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ilé náà fi ń mọ àkókò. Títí Màmá fi dàgbà, tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn tètè dé, wọ́n á ní kí ó dé kí fèrè tó dún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin kò fìgbà kankan kọjá ní Ìbàfò tí wọ́n gbé kẹ́yìn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1957. Orí wọn pé dáadáa, olùkọ́ wọn sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni ẹjọ́ ilẹ̀ dé bá Pa Ògúnlàdé. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń gbé oúnjẹ tẹ̀ lé bàbá wọn lọ sí kóòtù ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó gba ilẹ̀ náà ní lọ́yà, bàbá wọn kò ní. Màmá máa ń sọ fún wa pé lọ́yà yẹn wọ aṣọ dúdú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sọ, adájọ́ sì ń mi orí. Nígbà tó kan bàbá wọn, ìbínú kò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn ba ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́. Ilẹ̀ lọ, owó ilé ìwé náà sì bá a lọ. Ọjọ́ yẹn ni Màmá pinnu pé ọmọ kan yóò ti inú òun jáde tí yóò wọ irú aṣọ dúdú yẹn. A bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ náà sọ́kàn.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Ìfọ̀, wọ́n sì gbòmìnira ní ọdún 1962. Aṣọ ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ràn láti máa rán jù. Wọ́n á fi àpò tó jinlẹ̀ sí i, wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ dáadáa ní etí rẹ̀ kí àwọn òbí lè tú u bí ọmọ bá ga sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jókòó síbí lónìí ló ti wọ aṣọ tí Màmá rán.

Ní ọdún 1966, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Ládi Olúgbádé, bíríkìlà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mọ́ṣíìn ní Èkó ni wọ́n gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi Ayọ̀wálé, àkọ́bí, tí mò ń kọ èyí lórúkọ ẹbí, ni Màmá kọ́kọ́ gbé ojú lé. Mo di mẹkáníìkì. Tòún di nọ́ọ̀sì. Fúnmi ní òun kò fẹ́ ìwé rárá, òwò ni òun fẹ́, Ọlọ́run sì ti bù kún un níbẹ̀. Nígbà náà ni Mọ́láyọ̀ dé ní ọdún 1984, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ọmọ bíbí ti tán.

Mọ́láyọ̀ ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí onílé wa ní Mọ́ṣíìn ti ẹ̀rọ omi pa. Ọmọdé náà lọ dúró níwájú bàbá onílé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú, ó ní, «Bàbá, omi yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ dá a ni?» Ẹ̀rín pa gbogbo ayálégbé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Mọ́láyọ̀ ní Lọ́yà, wọ́n sì ń pe Màmá ní Màmá Lọ́yà. Orúkọ yẹn dùn mọ́ Màmá ju orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n lọ. Lọ́dún tí Mọ́láyọ̀ wọ ìwé kìíní, Màmá lọ ra aṣọ dúdú tó dára, tó tó láti fi rán ẹ̀wù lọ́yà, wọ́n fi káńfọ̀ sí i, wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí irin.

Ọdún 1993 ni a kó wá sí Ìbàfò. Igbó ni ibí yìí nígbà náà, ẹ̀yin tí a jọ wá ti mọ̀. Bàbá gbẹ́ kànga kí wọ́n tó kan òrùlé, wọ́n to bíríkì yí i ká, wọ́n sì fi ìṣó kọ «Ládi» sí ara sìmẹ́ńtì rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ìdajì pulọ́ọ̀tì ni ilẹ̀ wa, nítorí náà ibi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé ni kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbà. Bí gbogbo wa ti ń ṣe é ládùúgbò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá sùn nínú Olúwa ní 1999, Màmá ní kànga yẹn ni ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀ fún òun. Wọn kì í ti géètì lọ́sàn-án. Ẹni tó mọ̀ wọ́n, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, gbogbo wọn ló ń wá pọn omi níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ọmọ Ọlọ́run tòótọ́ ni Màmá. Ìjọ wa ní Ìbàfò kò tíì ní ògiri nígbà tí wọ́n ti ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ló rán aṣọ àwọn akọrin àkọ́kọ́, wọ́n sì jẹ́ olórí àwọn tó ń gba àdúrà ẹ̀bẹ̀ ní ìdájí títí àìsàn fi dá wọn dúró. Àdúrà wọn kì í gùn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dárúkọ ènìyàn níbẹ̀. Tí Màmá bá ní àwọn gbàdúrà fún ọ, wọ́n ti gbà á ná.

Ní ọdún 2002, máàkì Mọ́láyọ̀ nínú ìdánwò JAMB kò tó èyí tí wọ́n fi ń kọ́ òfin. Yunifásítì kan ní Abẹ́òkúta mú un fún kọ́ọ̀sì mìíràn: ẹ̀kọ́ nípa omi. Ó mú ìròyìn náà wálé, ó kúnlẹ̀. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, «Omi? Omi tí mò ń fún gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọmọ mi fẹ́ lọ fi ọdún márùn-ún kọ́?» Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n a ti rẹ́rìn-ín sí i gan-an láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn sì wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n gbà kí ó lọ, lórí àdéhùn pé ní ìparí ọdún kìíní yóò wá bó ṣe máa yí padà sí òfin ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bí wọ́n bá kí wọn pé, «Màmá Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o,» wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì tètè wọlé.

Ọdún kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e, Mọ́láyọ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ní ọdún 2004, Màmá gbé abọ́ ọbẹ̀ lé orí itan, wọ́n wọ mọ́tò láti Mowé lọ sí Abẹ́òkúta láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n bá a, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Nítorí pé Màmá kì í dákẹ́ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: «Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ ọ?» Ọ̀kan ní òun ń wo ìdí tí ẹyin ẹja fi ń bàjẹ́ nínú adágún. Ọ̀kan ń wá bí èlùbọ́ ṣe máa pẹ́ nílé láìhu. Ọmọbìnrin kan ń fi ẹ̀rọ wọn òjò lójoojúmọ́, ó sì sọ fún Màmá oṣù tí òjò ọdún yẹn yóò dáwọ́ dúró. Màmá ní, «Ṣé kì í ṣe irọ́ lò ń pa fún mi?» Ọmọ náà ní, «Ẹ máa wò ó, Ma. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá mú mi.» Òjò náà dáwọ́ dúró bó ṣe wí, Màmá sì ń dárúkọ ọmọ yẹn nínú àdúrà fún ọdún mélòó kan.

Mọ́láyọ̀ fi ẹ̀kán omi kan sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń mú ohun kékeré tóbi lójú, ó ní kí Màmá wò ó. Wọ́n rí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n béèrè pé, «Ta ló ń mu èyí?» Mọ́láyọ̀ ní àwọn ará abúlé kan tí kò jìnnà ni, àti pé àwọn ń wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní mu ún mọ́. Màmá tún rí i pé inú ọ̀rá ni ọmọ wọn ń kó àwọn ìgò tó fi ń bu omi sí, pé ọ̀kan ti fọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì fi aṣọ di ìka rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì padà sílé. Wọn ò sọ̀rọ̀ òfin rárá.

Ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn náà ni àwa ọmọ kò lè gbàgbé. Wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n yọ aṣọ dúdú yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì fi sìsọ́ọ̀sì gé e. Wọ́n rán an ní àpò ńlá aléjìká, tó ní ààyè fún ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ kí ìgò má baà kan ìgò. Òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí Mọ́láyọ̀ gbà á. Ẹkún ló sun. Màmá ní kí ó yé sunkún, kí ó lọ fi ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2007, ó kan Mọ́láyọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde, ó sì yan omi kànga àwọn ilé tó wà láàárín Ìbàfò, Mowé àti Àrẹ̀pò. Màmá ní dandan ni kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kànga Ládi, nítorí wọn ò rò pé omi kankan tún lè dára tó o. Kì í ṣe pé wọ́n rò ó nìkan: wọ́n bẹ alága ẹgbẹ́ onílé kí ó pe ìpàdé, kí ọmọ wọn lè wá ka èsì rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ti ra bisikíìtì.

Nígbà tí Mọ́láyọ̀ délé ṣáájú ìpàdé yẹn, kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ bi í títí ó fi sọ ọ́. Kòkòrò tó máa ń wá láti inú ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú kànga Bàbá. Kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ti sún mọ́ ọn jù, ó sì ti ń jò sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá béèrè bóyá ó lè tún un yẹ̀ wò. Ó ní, «Mo ti tún un ṣe, Màmá. Mo tún un ṣe títí, mò ń gbàdúrà sí i.» Màmá jáde lọ sídìí kànga, wọ́n fi ọwọ́ lé ibi tí Bàbá kọ orúkọ sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dénú. Ọkọ wọn ló gbẹ́ ẹ, àwọn ló sì fi ọwọ́ ara wọn ṣí géètì fún gbogbo àdúgbò láti wá mu ún.

Mọ́láyọ̀ ní òun lè yọ kànga wa kúrò nínú ìwádìí náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ wọn tó la ẹnu, àwọn fúnra wọn dìde. Wọ́n ní, «Ẹ̀yin ènìyàn mi, kànga mi ò dáa. Ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún mọ́.» Ẹni tí gbogbo wa ń wò ni Alájà Hàfísátù, aládùúgbò wa, tí ọmọ rẹ̀ Hàkímù ti dé ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì nítorí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Màmá, tí wọ́n dàgbà jù ú lọ dáadáa, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Alájà fò dìde, ó gbé wọn sókè, ó ní, «Háà, Màmá Lọ́yà! Ẹ̀yin náà ò mu ún ni? A jọ mu ún ni. Alhamdulilahi tí ẹnìkan sọ fún wa.» Àwa ẹbí fẹ́ kí Alájà mọ̀ lónìí pé ọ̀rọ̀ yẹn fi ọdún kún ọjọ́ orí Màmá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Ma.

Bàbá onílé kan fi ẹ̀fẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ pé lọ́yà ni Mọ́láyọ̀ lóòótọ́, yóò ti gbèjà kànga náà. Màmá wò ó, wọ́n ní, «Bóyá ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run ò fi fún mi ní lọ́yà.» Wọ́n pín bisikíìtì yẹn fún gbogbo ènìyàn, ìpàdé sì tú ká. Lọ́jọ́ kejì ni èmi Ayọ̀wálé fi páànù àti sìmẹ́ńtì bo kànga Bàbá lójú Màmá. Wọ́n ní kí n má fi sìmẹ́ńtì kan orúkọ tó wà lára rẹ̀, mi ò sì kàn án.

Nínú àwọn ilé tí Mọ́láyọ̀ yẹ̀ wò, tiwa nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ wá ibi tí omi ti jinlẹ̀ tó sì jìnnà sí kòtò gbogbo ilé, ẹgbẹ́ onílé dáwó, Màmá fi apá iwájú ilẹ̀ wa tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn wà sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá omi tọ́ka sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ sí pálọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, kànga ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ omi. Hàkímù kò tún dé ọsibítù mọ́ nítorí inú rírun.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti di alágbàsọ àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bí òbí kan ní ìjọ bá ń sunkún pé wọn ò fún ọmọ òun ní ìmọ̀ ìṣègùn tàbí òfin, àwọn ni wọ́n máa ń rán sí i. Wọ́n bẹ pásítọ̀ kí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́dún, kí kálukú dìde, kí ó sọ ohun tó ń kọ́ àti ìwádìí tó ń ṣe, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i pé ilẹ̀kùn pọ̀. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ nípa igi, oyin, maapu, èdè, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, àti àwọn nǹkan mìíràn tí orúkọ wọn kò rọrùn láti pè. Nígbà tí Hàkímù náà rí ààyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè ní ọdún 2008, tí bàbá rẹ̀ sì ń yọ ṣùtì, Màmá ló lọ bẹ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tó kọ́kọ́ ṣe, Màmá ló wá bá. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè Ìfọ̀ ti ayé àtijọ́, tí àwa ọmọ wọn gan-an kò gbọ́ tán. Ohùn wọn wà ní yunifásítì báyìí. Obìnrin tí kò rí owó ilé ìwé gírámà san ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì, ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún wa.

Àìsàn dé sí Màmá ní oṣù kẹfà ọdún yìí, 2009. Mọ́láyọ̀, tó ti rí ẹ̀bùn owó gbà láti tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí omi, ni ó máa ń wà lọ́dọ̀ wọn jù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, wọ́n ní kí ó fún àwọn lómi. Wọ́n mu díẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yẹn, ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, «Ó dáa, Lọ́yà mi.» Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n sùn, wọn ò sì jí mọ́. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Màmá fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Ayọ̀wálé, Tòún, Fúnmi àti Mọ́láyọ̀, wọ́n fi ọmọ ọmọ sílẹ̀: Olúwajùwọ́n, Jésùlayọ̀mi, Olúwatófúnmi àti Ọpẹ́olúwa, àti àbúrò wọn kan ní Ìfọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé, lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ máa rí àpò dúdú kan lórí àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Mọ́láyọ̀ ló gbé e síbẹ̀. Àwọn ìgò ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí ó máa lò ó lọ́jọ́ Ajé.

Tí ètò bá parí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jókòó, ẹ jẹun. Omi tí a gbé sórí tábìlì kì í ṣe èyí tí a rà. Láti inú kànga ẹ̀rọ iwájú ilé ni a ti fà á láàárọ̀ yìí. Ẹ mu ún láìfòyà, ọmọ wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Monísọ́lá Àjíkẹ́, ọmọ Ògúnlàdé, aya Ládi, Màmá Lọ́yà: ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ máa sinmi láyọ̀ ní ibi tí òùngbẹ kò sí.